Góòlù Lotfi

"Ẹ wò ó! Ẹ wo Ràkúnmí bó ṣe ń bọ̀! Ẹsẹ̀ gígùn bí àkàsọ̀, kò sì mọ ibi tó ń lọ! Ó ti ṣubú o! Ta ló tì í? Kò sẹ́ni tó tì í. Ààwẹ̀ ló tì í!"

Gbogbo èèyàn tó yí pápá sìmẹ́ńtì náà ká bú sẹ́rìn-ín. Ràkúnmí gan-an, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Bilal, ń rẹ́rìn-ín nílẹ̀ tó ṣubú sí. Anis nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sídìí tábìlì kékeré lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ohun tó máa sọ tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ohùn rẹ̀ ń fò, ó ń ṣeré, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kú bí ẹsẹ̀ téèyàn ti jókòó lé láti àárọ̀.

Ó ti pé oṣù mọ́kànlá tó ti rí bẹ́ẹ̀. Lotfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àtàwọn mẹ́rìnlá mìíràn wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ní etíkun tó wà lẹ́yìn ìlú Annaba, wọ́n dorí kọ ilẹ̀ Ítálì. Kí wọ́n tó gbéra, Lotfi pè é lórí fóònù, ó ní, "Anis, bá mi tọ́jú Màmá." Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbúròó ọkọ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó gbúròó ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí lẹ́tà. Anis ò sunkún. Ó retí ẹkún náà títí, ẹkún ò dé, ó sì pa á tì.

Lọ́dọọdún, tí oṣù ààwẹ̀ bá ti wọlé, àwọn ọmọkùnrin inú ilé alájà mẹ́rin tó yí pápá yẹn ká máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún ife-ẹ̀yẹ. Lẹ́yìn ìrun àsárì ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì parí kí wọ́n tó pe ìrun ìṣínu. Sípíkà ńlá kan wà tí wọ́n so mọ́ irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó kọjú sí ilé àwọn Anis gan-an. Bàbá Tahar ló fi ọdún méjìlélógún sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nídìí rẹ̀, kí dókítà tó kìlọ̀ fún un nípa ọ̀fun rẹ̀, tó fi gbé máìkì lé Anis lọ́wọ́. Kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń fi sípíkà yẹn ṣe. Bí ọmọ bá sọnù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde. Bí wọ́n bá fẹ́ ti omi pa, ibẹ̀ náà ni. Bí èèyàn bá sì kú ládùúgbò, ẹnu sípíkà yẹn ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ, tí gbogbo wọn á gba ilé olókùú lọ.

Lọ́jọ́ tí Ràkúnmí ṣubú yẹn, Bàbá Tahar dúró de Anis títí ó fi ká wáyà tán.

"Ìwọ ọmọ yìí, o mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ o," ó ní. "Àmọ́ ẹnu ẹ kì í sinmi. Tí bọ́ọ̀lù bá ń yí lásán, máa sọ̀rọ̀. Tí góòlù tó ga jù bá wá wọlé, pe góòlù lẹ́ẹ̀kan péré, kí o gbé máìkì sílẹ̀."

"Kí n gbé e sílẹ̀, Bàbá? Ìgbà tí gbogbo ayé ń retí ohun tí mo máa sọ?"

"Ta ló ń retí ẹ? Ṣé ìwọ lo gbá a sáwọ̀n ni? Àwọn èèyàn ló ni ariwo yẹn. Jẹ́ kí wọ́n pa á."

Anis ní òun ti gbọ́. Irú gbígbọ́ tí ọmọdé máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà kó lè ráyè lọ sílé ni.

Nílé, àwọn méjì péré ló kù, Anis àti ìyá rẹ̀. Bàbá wọn ti kú nígbà tí Anis wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣùgbọ́n abọ́ mẹ́ta ni ìyá máa ń gbé kalẹ̀ fún ìṣínu. Á bu ọbẹ̀ sínú ẹ̀kẹta, á fi àwo pẹlẹbẹ dé e kó má tutù. Bí wọ́n bá jẹun tán, á da ọbẹ̀ náà padà sínú ìkòkò, á fọ abọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n má pe Lotfi ní olóògbé nínú ilé yẹn. Wọn ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Lotfi ni gbogbo àdúgbò sì ń pe obìnrin náà.

Sofiane, ọ̀rẹ́ Anis, ló gbé ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Òun ló ń fi fóònù ya fídíò bọ́ọ̀lù. Ilé rédíò kan nígboro ń wá ọ̀dọ́ tí wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fi fídíò ránṣẹ́. Kò sí ohun tí Anis ń fẹ́ láyé yìí tó ju iṣẹ́ yẹn lọ.

"Mo ti wo fídíò ẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà," Sofiane ní. "O dáa. Ìyẹn gan-an ni wàhálà ẹ, o kàn dáa ni."

"Kí lo fẹ́ kí n wá ṣe? Kí n máa tàkìtì?"

"Ọ̀rẹ́, èèyàn kì í pín ohun tó dáa kiri. Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún ni wọ́n ń pín. Ìwọ ní Lotfi. Ọ̀la tí a bá gbá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, tí góòlù ńlá bá wọlé, fi orúkọ ẹ̀ pè é. Wàá rí i."

"Fi Lotfi sílẹ̀," Anis ní. Ó fẹ́ kí inú bí òun bó ṣe ń sọ ọ́, inú ò bí i. Ìyẹn gan-an ló tì í lójú.

Lọ́jọ́ kejì, bí tíṣà ṣe ń kọ ìṣirò sójú pátákó, Anis ṣí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún síbẹ̀. Ó kà á, kò mọ nǹkan kan lára. Ó wá rò ó pé bí àwọn èèyàn bá gbọ́ ọ tí wọ́n sì sunkún, bóyá ẹkún tòun náà á jáde. Kò sọ èyí fún Sofiane.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, góòlù jẹ́ méjì sí méjì, ó ku ìṣẹ́jú kan. Ràkúnmí gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá. Ó gbójú sókè, ó rí i pé góòlù-kípà ti rìn jáde, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó balẹ̀ lórí irin, ó sì já wọ inú àwọ̀n. Irú góòlù tí ọmọkùnrin kan máa gbá lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀ ni. Anis ti ṣí ìwé.

"Góòlù! Góòlù! Ẹ gbọ́ mi o, góòlù yìí kì í ṣe ti Ràkúnmí! Ti olóògbé Lotfi ni, ẹ̀gbọ́n mi tí òkun gbé mì! Lotfi, sùn re o! Ọlọ́run kẹ́ ẹ o!"

Gbogbo ibẹ̀ hó yèè. Àwọn ọkùnrin káwọ́ lérí. Obìnrin kan bú sẹ́kún lókè. Ràkúnmí tó ti na ọwọ́ méjèèjì sókè wò yíká, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, ó sì rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀. Sofiane ń mi orí sí Anis láti ẹ̀yìn fóònù pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Anis dúró de ẹkún rẹ̀. Kò dé. Ó gbójú sókè sí fèrèsé wọn, ó rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kì í ṣe pápá ló ń wò. Sípíkà ló tẹjú mọ́.

Nígbà tó máa fi gòkè dé ilé, abọ́ méjì ló bá lórí tábìlì. Ìyá ti fọ ẹ̀kẹta, ó dojú rẹ̀ dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

"Ìgbà wo ni wọ́n pè ẹ́?" ìyá bi í.

"Ta ni, Màmá?"

"Àwọn tó rí i. Ibo ni wọ́n ti rí i? Ṣé wọ́n ti sin ín?"

Ìgbà yẹn ló tó yé Anis. Ìyá rò pé ìròyìn dé ni. Ibi tí gbogbo àdúgbò ti ń gbọ́ ikú ni òun náà ti gbọ́ ti ọmọ rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó pè mí."

"O sọ ọ́ lórí sípíkà."

"Mo kàn sọ ọ́ ni, Màmá."

"O kàn sọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Torí góòlù."

Ìyá jókòó. Kò gbá a létí, bẹ́ẹ̀ ni kò pariwo. Anis ì bá fẹ́ kó gbá a. Wọ́n pe ìrun, èso dàbínù sì wà lọ́wọ́ ìyá, kò fi kan ẹnu.

Wọn ò tíì mu omi tán tí àwọn kan fi kan ilẹ̀kùn. Ìyá Bilal ló ṣáájú pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ kuskusi lórí, àwọn obìnrin méje tẹ̀ lé e. Nísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin ti ń to àga sí ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé olókùú.

"Ìyá Lotfi, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. A ò ní rí irú ẹ̀ mọ́."

"Ẹ ṣeun," ìyá ní. "Ẹ gbé kuskusi yín padà. Mi ò tíì gbọ́ pé ọmọ mi kú."

Àwọn obìnrin wojú ara wọn. Ọ̀kan sọ jẹ́jẹ́ pé, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó sunkún." Wọ́n sì dì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá dúró láàárín wọn, ó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, títí ẹkún fi gbà á. Ní gbogbo oṣù mọ́kànlá yẹn, Anis ò rí i kí ó sunkún rí. Òun náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, ojú rẹ̀ gbẹ.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, fídíò tí Sofiane yà ti kárí gbogbo ìlú. Ilé rédíò pe Anis. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ yọ̀ mọ́ ọn púpọ̀. "Ohùn ẹ wọ̀ wá lára, àbúrò. Wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyẹn tó pani lẹ́kún yẹn, irú ẹ̀ la fẹ́ kí o tún ṣe."

"Mi ò lè ṣe irú ẹ̀ mọ́, sà," Anis ní.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ọkùnrin náà ní kò burú, ó sì pa fóònù. Bí ohun tí Anis ń fẹ́ jù láyé ṣe bọ́ nìyẹn. Kò tilẹ̀ dùn ún. Ó gba ọ̀dọ̀ Bàbá Tahar lọ, ó bá a níbi tó ti ń tún ẹnu wáyà máìkì so.

"Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Kí lo fi sọ ọ́?"

"Sípíkà ni."

"Kí lo wá ń bi mí sí? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò ṣeé kó jọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ ẹyin lè nu ilẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé tí í ṣe àṣekágbá, èèyàn kún pápá, wọ́n kún orí òrùlé. Anis mú máìkì. Kò mú ìwé kankan dání.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, Anis ni. Lọ́jọ́bọ̀, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní olóògbé. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo kọ ọ́ kí ẹ lè hó. A ò mọ ibi tí Lotfi wà. Màmá mi ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Ẹ dákun, ẹ má kí wa kú ọ̀fọ̀ mọ́. Ràkúnmí, ìwọ lo ni góòlù ọjọ́ yẹn. Má bínú."

Ẹnì kan súfèé. Ẹlòmíràn ní, "Ojú ò tiẹ̀ tì í!" Sofiane rọra ki fóònù bọ àpò. Ràkúnmí kàn gbé àtàǹpàkò sókè láti àárín pápá.

Ìdíje náà di ti pẹnárítì. Ó wá ku ẹyọ kan, ti Ràkúnmí ni. Bó bá wọlé, ife ti di tiwọn.

"Ràkúnmí ló kàn," Anis ní.

Ràkúnmí sáré wá, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù wọlé.

"Góòlù," Anis ní, ó sì gbé máìkì lé orí tábìlì.

Ariwo ta. Àwọn ọkùnrin ń kígbe Ràkúnmí, Ràkúnmí, wọ́n gbé e sókè. Àwọn ọmọdé ń fi ìdérí ìkòkò lu irin, àwọn obìnrin ń ké yùùyùù láti òkè. Máìkì tó wà lórí tábìlì gba gbogbo rẹ̀, sípíkà sì gbé e jáde. Lotfi náà ti máa ń wà láàárín irú ariwo yìí, lórí odi tó wà lọ́wọ́ òsì, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há. Anis wo odi náà. Nǹkan kan ta á láyà, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń ta ẹsẹ̀ tó kú nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ó dùn ún gan-an. Ó jókòó síbẹ̀, ó jẹ́ kó máa dùn ún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí Ọlọ́run fún lóhùn, ẹ jẹ́ kó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Góòlù wà fún ẹni tó gbá a, ariwo wà fún àwọn tó wá wò ó. Ìbànújẹ́ ilé ẹni kì í ṣe ohun tí à ń tà fún ìpàtẹ́wọ́, nítorí kì í ṣe ẹni tó ń tà á nìkan ló ni ín.

Nígbà tí Anis wọlé, abọ́ méjì ló ṣì wà lórí tábìlì. Ìyá ń bu ọbẹ̀, kò wojú rẹ̀. Anis lọ sídìí ìkòkò, ó mú abọ́ kẹta tó dojú dé, ó dì í mú, kò mọ̀ bóyá kí òun gbé e kalẹ̀ ni àbí kí òun dá a padà.

"Mo gbọ́ ọ," ìyá ní. Ó na ìgbakọ sí i. "Bu ọbẹ̀ sí i. Fi àwo dé e, ó tètè máa ń tutù."

Anis bu ọbẹ̀ náà, ó sì fi àwo dé e.