Ẹ Má Fa Apá Tó Rọ

Lọ́jọ́ Àìkú, àlejò kún ilé bàbá ọkọ mi. Télọ̀ ni Bàbá. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jókòó dáadáa, gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n sì ń sọ fún pé àwọn á tún gé aṣọ.

Ẹ̀gbọ́n wọn wọlé. Alága là ń pè wọ́n, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀ tí wọn kì í dá sí. Bàbá na ọwọ́ òsì sí wọn.

"Òsì kẹ̀? Èmi ẹ̀gbọ́n ẹ lo ń na òsì sí?" Alága gbá ọwọ́ ọ̀tún tó rọ mú, wọ́n sì fà á kí Bàbá lè dìde.

"Yéè! Èjìká mi o!"

"Ara tó kú ló ń jí yẹn," ni Alága wí. Àwọn àlejò ṣe àmín.

Inú bí mi gan-an. Yunifásítì ni mo ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ fisiọ, iṣẹ́ àwọn tó ń mú iṣan àti oríkèé aláìsàn bọ̀ sípò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fa irú apá yẹn níwájú mi, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nílé yìí, ìyàwó ni mí. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu mi ò kúnlẹ̀.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sà! Ẹ ń ba èjìká yẹn jẹ́!"

"Ìyàwó, ṣé èmi lò ń jágbe mọ́?"

"Ẹ má bínú sà. Ẹ fọwọ́ kan ibí yìí." Mo gbé ìka wọn sí èjìká Bàbá. Ó rì sínú kòtò kan láàrin eegun èjìká àti eegun apá. Kíá ni wọ́n fa ọwọ́ padà.

"Kí lèyí?"

"Iṣan tó yẹ kó di apá mú ti rọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń fà á, ẹ ń yọ ọ́ kúrò ní oríkèé ni. Iṣan lè padà lágbára, àmọ́ bí èjìká bá bàjẹ́, ìrora ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé apá sókè. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn kí wọ́n má lè gé aṣọ mọ́, kí wọ́n má ṣáà ti fi òsì kí yín?"

Alága sún sẹ́yìn. Mo rọra gbé apá Bàbá lé pílò.

Ibẹ̀ la wà tí aládùúgbò kan fi wọlé, tó nawọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún Bàbá. N ò tíì la ẹnu tí Alága fi bú mọ́ ọn: "Òsì! Òsì ni kó o gbà! Ṣé o fẹ́ yọ àbúrò mi lápá ni?"

Ẹ̀yin ará, ẹ má fa apá tí rọpárọsẹ̀ mú, ì báà ṣe láti kí aláìsàn tàbí láti gbé e dìde. Ẹ̀yìn àti ìbàdí ni kí ẹ ti dì í mú. Bó bá jókòó, ẹ fi pílò gbé apá náà ró. Bó bá ní èjìká ń dun òun, ẹ yé sọ pé ara ń jí. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ fisiọ ní ọsibítù. Bó bá sì na òsì sí yín, ẹ gbà á. Kì í ṣe àrífín. Ọwọ́ tó kù tó lè nà nìyẹn.