Fítámì Tanímọ̀la

Orí tábìlì Dókítà Dorothy, dókítà ẹranko ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ni ajá tó ń jẹ́ Tanímọ̀la kú sí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi mu omi bí ẹni tí iná ń jó nínú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ìtọ̀ rẹ̀ sì gbẹ pátápátá. Bàbá Owólabí, awakọ̀ àjàgbé tó ti fẹ̀yìn tì, kò fi ẹsẹ̀ ajá náà sílẹ̀. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé ní Fẹ́sítáàkì.

"Bàbá, kí lẹ ń fún un lò?"

"Fítámì ni. Ẹni tó ta ajá fún mi ló ní kí n máa há a sínú búrẹ́dì láràárọ̀." Ó fa ọ̀rá kékeré kan yọ.

Dorothy da oògùn pupa fẹ́rẹ́ náà sọ́wọ́, ojú rẹ̀ yí padà. "Oògùn ìrora èèyàn lèyí. Ajá ní tirẹ̀, a sì máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ká tó fún un. Èyí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè dé kíndìnrín, kíndìnrín á sì máa kú díẹ̀díẹ̀." Ó ṣí ẹnu ajá. "Ẹ wo eyín. Ajá arúgbó tó ń tiro ni wọ́n tà fún yín. Oògùn ló ń mú un sáré."

Owólabí wá rántí. Nígbà tí Tanímọ̀la tún ń tiro lóṣù tó kọjá, méjì ló ń há sínú búrẹ́dì dípò ẹyọ kan. Ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Seth ẹlẹ́nu dídùn ló ta ajá náà. Owólabí wá a dé Mazamaza. Wọ́n ní ó ti kó kúrò. Ó wá a dé Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá. Bó ṣe ń wọ àdúgbò ni Seth bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà, ó lọ. Arúgbó ò lè sáré. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í sì í bàjẹ́.

Ọlákìtán, ọmọ àbúrò Owólabí, ló pe Seth pé òun fẹ́ ra ajá. Ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, Seth fa ajá kan wọ fúláàtì Ọlákìtán ní Amúwo. Owólabí àti Sájẹ́ńtì Samson, ọlọ́pàá tó fẹjọ́ sùn, ti wà nínú yàrá, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Èékánná ajá ń dún lórí táìsì, kò-kò-kò, ó dọ́gba.

"Àǹtí, ẹ sanwó kí n máa lọ."

"Ọkọ mi fẹ́ wò ó kọ́kọ́. Ẹ jẹun ná, Bọ̀dá Seth."

Seth jẹ ìrẹsì, ó mu mínírà. Nígbà tí aago kan lù, ó dìde. "Oníbàárà ń dúró dè mí, jàre."

"Ọkọ mi ti dé Fọ́ọ̀sì Géètì. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọjà bọ́ ni?"

Ó tún jókòó. Nígbà tó di aago mẹ́ta, oògùn ti tán lára ajá, ìró èékánná náà yí padà. Ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀. Owólabí gbọ́ ọ. Bí Tanímọ̀la ṣe ń tiro nìyẹn.

"Àsìkò fítámì rẹ̀ ló ti kọjá," ni Seth sáré wí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ọ̀rá yọ.

Owólabí jáde, ó di ọwọ́ náà mú. Irú ọ̀rá kan náà, oògùn kan náà. Seth já ara rẹ̀ gbà, ó fò sẹ́nu ọ̀nà; Samson ti dí i.

"Jókòó! Kí lèyí?"

"Fítámì ni, sà."

"Màá bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Oògùn ìrora ni, sà."

"Ibo lo ti ń rí ajá?"

"Àwọn tó ń fi ajá ṣọ́ ọgbà. Tó bá ti gbó, wọ́n á ní kí n lọ dà á nù."

"Mélòó lo ti tà?"

"Méje, pẹ̀lú ti Bàbá."

"O mọ̀ pé ó ń pa wọ́n?"

Seth wo ilẹ̀. "Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Wọ́n á rò pé àìsàn ni."

Owólabí gbé ọ̀rá náà sókè. "Ìwọ lo pa ajá mi, Seth. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi lo yá lò."

Samson fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Seth lọ́wọ́. Ọlákìtán pe àwọn oníbàárà mẹ́fà yòókù láti inú fóònù Seth. Mẹ́rin nínú ajá wọn ti kú. Obìnrin kan pariwo ọpẹ́: tirẹ̀ ṣì ń jẹun, òun ò ní fún un lóògùn náà mọ́.

"Kí lorúkọ èyí?" ni Owólabí bi Seth bí wọ́n ṣe ń mú un jáde.

"Kò lórúkọ, sà."

Owólabí bu omi fún ajá náà. Ó lá a gbẹ, ó gbójú sókè. Owólabí tún bu òmíràn. Ó tún lá a gbẹ, ó tún ń wò ó. Bí ti Tanímọ̀la ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bàbá náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí ajá lé itan, ó sunkún.

"Ọlákìtán, pe Dókítà Dorothy. Sọ fún un pé à ń bọ̀."