Àgbádá Tó Ń Gbé inú Bùútù

Ọjọ́ tí Abíọ́nà Akínfẹ́nwá kọ́kọ́ rí Hannah, inú ẹrẹ̀ ló wà, tó ń fi áńkáṣíìfù nu bàtà. Ọkọ̀ Mọ́rísì rẹ̀ tuntun, tó funfun bí eyín ọmọ-ọwọ́, ti rì lójú ọ̀nà Elekahia. Òjò Port Harcourt kì í bèèrè ẹni tó jẹ́ akọ̀wé báńkì.

Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ògbólógbòó kan.

"Ẹ kú ewu o. Kí lẹ ní nínú bùútù?"

Abíọ́nà ṣí i tìgbéraga-tìgbéraga. Kóòmù méjì, díńgí, ìgò lọ́fíńdà, àti ìyẹ́ adìyẹ tó fi ń gbọn eruku.

Hannah wo ẹrù yìí, ó wo olówó rẹ̀. "Ẹ̀hẹ́ẹ̀n. Ẹ jẹ́ ká kúkú yarun fún táyà, bóyá á jáde."

Ó lọ gbé sọ́bìrì àti àpò ìdọ̀họ méjì wá láti inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ó há àpò náà sábẹ́ táyà, Mọ́rísì sì gun òkè. Ìfẹ́ ti wọ Abíọ́nà lára kó tó rántí pé bàtà òun ti bàjẹ́.

Wọ́n fẹ́ra wọn gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Adébíyìí, bàbá Hannah, oníṣòwò pákó ní àdúgbò D-Line, bàbá náà kò bèèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló lọ, ó ṣí bùútù, ó sì gbé díńgí sókè.

"Wọ́n bí ọ sọ́nà, o ò wá mọ ohun tí ọ̀nà ń fẹ́? Èmi náà ti gbé ìyá ọmọ yìí jáde rí nínú ọkọ̀ tó ń dán, tí kò sí okùn kan péré nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà Ahoada la sùn, nínú òjò. Òtútù tó wọ̀ ọ́ láyà lọ́jọ́ náà ló mú un lọ. N kò ní í fi Hannah fún ẹni tí kò lè gbé e délé."

Abíọ́nà gbọ́. Hannah fúnra rẹ̀ ló bá a to ẹrù: jáàkì, táyà àpààrọ̀, sọ́bìrì, okùn, tọ́ọ̀ṣì, gálọ́ọ̀nù omi, agbòòrùn, àpò ìdọ̀họ méjì. Lọ́fíńdà ṣì wà níbẹ̀ ṣá. Èèyàn kì í yí padà tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ ìtọrọ pé. Àǹtí Níkẹ́, àbúrò bàbá Abíọ́nà tó wá láti Abẹ́òkúta, yọjú sí bùútù, ó sì figbe ta.

"Orí àpò ẹlẹ́rẹ̀ lo fẹ́ kó iṣu ìdána lé? Ṣé kí àwọn àna máa wí pé alágbàro la jẹ́ ni?"

Ká sòótọ́, ohun tó wà nínú Abíọ́nà fúnra rẹ̀ ni àǹtí sọ. Kíá ló kó gbogbo rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wọ àgbádá funfun tí wọ́n ṣiṣẹ́ ọnà sí láyà, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì ọkọ̀, ara rẹ̀ sì wù ú.

Ní Elekahia, ojú ibi àtijọ́ gan-an, òjò dé. Mọ́rísì rì.

Apẹja kan tó ń jẹ́ Dagogo dúró lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Oga, wetin you get for boot?"

"Yam and honey," ni Abíọ́nà fèsì.

Dagogo rẹ́rìn-ín títí ó fi di kẹ̀kẹ́ mú. "Make tyre chop am?"

"Ẹ jẹ́ ká padà," ni Àǹtí Níkẹ́ wí. "Ká wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Padà? Kí Bàbá Adébíyìí lè sọ pé òun ti mọ̀? Abíọ́nà rí Hannah lọ́kàn, pẹ̀lú gèlè, lójú fèrèsé, tó ń wo òjò. Ó wo àgbádá rẹ̀.

"Abíọ́nà, má dán an wò o!"

Ó ti bọ́ ọ. Àgbádá kúkú fẹ̀. Ó tó táyà méjèèjì. Dagogo tì í lẹ́yìn, ọkọ̀ fò jáde.

Ní D-Line, ó dọ̀bálẹ̀ nínú bùbá ẹlẹ́rẹ̀.

"Àgbádá ńkọ́?" ni Bàbá Adébíyìí bi í.

"Ó wà nínú bùútù, sà. Mo kó àwọn àpò kúrò kí ọkọ̀ lè wuyì lójú yín. Òjò ká mi mọ́ Elekahia. Àgbádá ni mo tẹ́ fún táyà."

Bàbá jáde lọ wò ó. Ó pẹ́ kó tó wọlé, ojú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀.

"O kó àpò kúrò. Òmùgọ̀ ni ọ́."

Hannah di aṣọ ìyá rẹ̀ tó ró mú gírígírí.

"Ṣùgbọ́n o dé. Hannah, bu omi fún ọkọ rẹ kó fi ṣanra."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó kọ̀, kò wọ Mọ́rísì. Ó gbé aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó sì lọ ṣí bùútù níṣojú gbogbo èèyàn. Sọ́bìrì wà níbẹ̀. Okùn wà níbẹ̀, àti jáàkì, àti omi. Lókè wọn ni àgbádá wà, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a, ipa táyà méjì sì wà láyà rẹ̀ tí ọṣẹ kankan kò lè mú kúrò.

"Olówó orí mi, ẹ ò tíì ju èyí nù?"

"Ilé rẹ̀ nìyẹn, ìfẹ́ mi. Àpò ìdọ̀họ ló dà báyìí."

Hannah gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ìbòjú rẹ̀ fi yẹ̀ lórí. Ọkọ rẹ̀ ti fín lọ́fíńdà sí i.