Àyè Sípánà Kan Lára Pátákó

Aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni bàálù kẹta sáré títí dé òpin títì rẹ̀ tí kò gbérí. Ó já wọ inú koríko, ó fi imú gúnlẹ̀, apá òsì rẹ̀ sì ká kò bí etí ìwé. Ọmọbìnrin tó ń wà á, tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún, yọ láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọba òkè, ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ dá sí méjì. Kí wọ́n tó gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó di ọwọ́ dókítà mú. Ó ní, "Ìrù rẹ̀ há. Mo fà á, fà á, kò dá mi lóhùn."

Nígbà tí wọ́n tú ìrù bàálù náà, sípánà fọ́tíìn ni wọ́n bá níbẹ̀, ó há sáàárín wáyà tí awakọ̀ fi ń darí. Òrùka ọ̀dà pupa wà lọ́rùn sípánà ọ̀hún. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní bárékè yẹn pé Bàbá Sípánà ló ni òrùka pupa, ọ̀gá mẹkáníìkì tó ti ń tún bàálù ṣe láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Wọ́n tì í mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó táyà sí. Aago méjìlá ni ọkọ̀ ṣọ́jà ń bọ̀ wá gbé e lọ sẹ́wọ̀n àwọn ológun, ẹni tó bá sì wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ orí tirẹ̀, ó di kó máa juwọ́ sílé.

Bàálù mẹ́rin péré ni wọ́n ní. Ọ̀gágun ibẹ̀ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sójú kan, lábẹ́ àṣẹ kan, lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan: méjì ń fò, ọ̀kan ń dúró de ìpè, ọ̀kan ń gba ìtọ́jú. Igbákejì rẹ̀ ní rárá o, kí wọ́n pín wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ibùdó mẹ́rin, kí olúkúlùkù máa dá tirẹ̀ ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, láago méjì, ni àwọn àgbààgbà ń bọ̀ láti olú iléeṣẹ́ wá yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ ò rí i pé ìjàǹbá yìí mọ ọjọ́ tó yẹ kó dé.

Ọ̀gágun kò fẹ́ dá ẹjọ́ ilé ara rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá ìlú, wọ́n sì rán Ìnspẹ́kítọ̀ Abẹ́rẹ́ sí i. Obìnrin ni. Ó tínrín, ó dákẹ́, ó sì máa ń gún ni.

Ó bá Bàbá Sípánà lórí táyà tó jókòó lé.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ọmọ mi, gbé bébà wá kí n fọwọ́ sí i. Bóyá èmi ni."

"Bóyá kẹ̀? Ṣé ẹ fi síbẹ̀ ni àbí ẹ ò fi síbẹ̀?"

Bàbá fọwọ́ nu ojú. "Irin iṣẹ́ mi jẹ́ méjìlélógójì. Mo kun àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sára pátákó, tí mo bá ti gbé wọn kọ́ nírọ̀lẹ́, èyí tí kò bá sí ńlẹ̀, àyè rẹ̀ á máa wò mí lójú. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń kà wọ́n. Àná nìkan ni mi ò kà."

"Kí ló dé lánàá?"

"Àwòrán yẹn ti ṣá, a ò rí wọn dáadáa mọ́. Mo ní àlejò ń bọ̀, kí n kùn ún tuntun. Mo gbá gbogbo irin mọ́ra, mo kó wọn sínú àpótí, mo tì í pa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọ̀dà. Mi ò kọrin."

"Orin wo?"

Ojú ń ti bàbá, ṣùgbọ́n ó gbé e wúyẹ́wúyẹ́:

"Wá sílé o, irin iṣẹ́ mi,
Iṣẹ́ ti parí, wá sílé o.
Òòlù ti dé, pílíásì ti dé,
Ta ló kù lẹ́yìn, ta ló kù o?"

Ó dá orin náà dúró. "Láago méjì ọ̀sán àná, lẹ́yìn oúnjẹ, èmi ni mo fi nọ́ọ̀tì méjìlá dé ìrù yẹn. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ẹ̀ pa. Kí wọ́n máa gbé mi lọ."

"Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yín."

Abẹ́rẹ́ dá wọ yàrá irin iṣẹ́. Ó fi ìka kan kan pátákó. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo àwọn ìṣó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí àpótí, ó ka ohun tó wà ńbẹ̀: mọ́kànlélógójì. Ó wo ìka rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó Bàbá Sípánà ló ń dáná fún gbogbo bárékè. Ó ń fọ ìkòkò bí ẹni ń bá a jà.

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí," ó ní. "Tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ máa ní mo ń gbè é."

"Ẹ ṣáà sọ ọ́, Mọ́mì. Ta ni kò wá jẹun láago kan àná?"

"Gbogbo wọn ló wá. Ọkọ mi jẹ abọ́ méjì, ẹ máa wò ó bó ṣe rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Abọ́ kan ṣoṣo ló tutù, ti igbákejì ọ̀gágun. Aago méjì ku díẹ̀ ló tó yọjú. Ó fọwọ́, ó tún un fọ̀, ó wá ní ebi ò pa òun."

"Ó fọwọ́, kò sì jẹun?"

"Ọṣẹ mi ló jẹ."

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé ọ́fíìsì igbákejì, aago mọ́kànlá ti kọjá. Aṣọ ọkùnrin náà gún débi pé ó lè gé ènìyàn lọ́wọ́.

"Mo ti ń pariwo rẹ̀ tipẹ́," ó ní. "Bàálù mẹ́rin lọ́wọ́ arúgbó kan. Láago mẹ́fà àárọ̀ yìí mo fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣí yàrá irin iṣẹ́. Mo rí àyè sípánà fọ́tíìn lára pátákó, ó ṣófo gbayawu, bí eyín tó yọ."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo rò pé ó wà lápò rẹ̀ ni."

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n pé wẹ́kú níbi tí wọ́n kọ́ wọn sí."

"Ó dá yín lójú, ọ̀gá?"

"Ojú mi ò fọ́, ìnspẹ́kítọ̀."

"Ó dáa. Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó tún fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Aago méjìlá lù. Ọkọ̀ ṣọ́jà wọlé, dírẹ́bà kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnì rẹ̀. Wọ́n mú Bàbá Sípánà jáde. Abẹ́rẹ́ ní kí wọ́n dúró síwájú yàrá irin iṣẹ́ ná, ó sì pe ọ̀gágun àti igbákejì rẹ̀.

"Ọ̀gá, àyè mélòó lẹ ní ó ṣófo lára pátákó?"

"Ẹyọ kan. Mo ti kọ ọ́."

Abẹ́rẹ́ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Pátákó náà wà lára ògiri, àwòrán méjìlélógójì ń dán lára rẹ̀, irin kankan kò sí níbẹ̀.

Ọ̀gágun yọ orí wọ inú yàrá, ó wò ó yíká.

"Láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti rí báyìí," Abẹ́rẹ́ ní. "Ọ̀dà olóròóró ni, òjò òru àná ò sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wo ìka mi, ó ṣì ń lẹ̀. Ẹ wo àwọn ìṣó, ọ̀dà bò wọ́n, irin kankan kò tíì ha á. Inú àpótí ni gbogbo irin sùn. Ẹni tó bá ṣí yàrá yìí láago mẹ́fà, àyè òfìfo méjìlélógójì ló máa rí. Ẹ ò wọ ibí rárá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi fọwọ́ sí i pé àyè fọ́tíìn nìkan lẹ rí tó ṣófo?"

Igbákejì fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Láago kan àná, gbogbo wọn ń jẹun, ìrù bàálù wà ní ṣíṣí. Àwòrán ti ṣá, ẹ yọ sípánà kan, àyè rẹ̀ ò hàn. Ẹ tì í bọ àárín wáyà, ẹ wá lọ fọ gírísì lọ́wọ́ níwájú oúnjẹ tẹ́ ẹ ò jẹ. Ẹ̀ ń retí pé Bàbá máa kọ́ mọ́kànlélógójì tó kù sára pátákó bí ìṣe rẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé ó kun ọ̀dà."

Igbákejì kọjú sí ọ̀gágun. "Mi ò fẹ́ kó pa ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìrù rẹ̀ yóò há kí bàálù tó kúrò lójú kan. Wọ́n ti ṣèlérí ibùdó kan fún mi, ọ̀gá. Bàálù kan tí mo lè pè ní tèmi."

Ọ̀gágun nawọ́ sí ọkọ̀ ṣọ́jà. "Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Ẹ wọ̀ ọ́."

Nígbà tí ìró ọkọ̀ náà lọ tán, Bàbá Sípánà ṣì dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Ó ní, "Tí bàálù bá wá wà níbi mẹ́rin, ta ni yóò máa kà wọ́n?"

"Ẹ bi àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ láago méjì," ọ̀gágun dá a lóhùn.

Bàbá kò dúró kí ọ̀dà gbẹ. Ó ṣí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin kọ́, ọ̀dà ń yí i lápá, ó ń kọrin. Ìyàwó rẹ̀ ń gbè é láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ìdérí ìkòkò lu ìlù sí i. Wọ́n kà á dé mọ́kànlélógójì. Àyè kan kù. "Ta ló kù lẹ́yìn, ta ló kù o?" Bàbá na ọwọ́, ó wo ọ̀rá tí sípánà wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́.

"Kóòtù ló ń lọ, Bàbá," Abẹ́rẹ́ ní. "Á wá sílé."