Alẹ́ Tí Jóṣúà Pe Orúkọ Memunat

Ìbídùn ọ̀rẹ́ Memunat ló fà á lọ sí kílọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lafiaji lọ́dún 1988, níbi tí wọ́n ti ń kọ orin búlúùsì lálẹ́ Sátidé. Ọmọ Alájì Muqtadir ti Ìsàlẹ̀ Gángan, kí ló ń wá níbi tí wọ́n ti ń mu bíà? Àmọ́ nígbà tí Jóṣúà, ọmọ Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá, Memunat gbàgbé mínírà ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Jóṣúà wá bá a.

"Ẹ ò jó, ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ṣé orin wa ò dùn ni?"

"Ó dùn. Ó kàn ń ṣe mí bíi kí n sunkún ni."

"Áà! Ẹ gbọ́ ọ dáadáa nìyẹn."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ nìyẹn o.

Nígbà tí Jóṣúà ní òun fẹ́ fi í ṣaya, Alájì fárígá. "Onígbàgbọ́! Onígìtá tún ni!" Oṣù mẹ́fà ni ìyá Memunat fi bẹ̀ ẹ́ kó tó rọ̀.

"Ó dáa, káwọn èèyàn rẹ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú. Àmọ́ bí mo bá gbọ́ orúkọ ọmọ mi lẹ́nu olórin níbi tí wọ́n ti ń mutí, kò níyàwó nílé yìí."

Ọjọ́ Àìkú ku ọ̀la, Memunat tún sá lọ sí kílọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Jóṣúà ń ki àwọn oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan, owú sì ń jẹ Memunat.

"Gbogbo ayé lò ń kì. Èmi ìyàwó ẹ ńkọ́?"

"Olólùfẹ́ mi, bàbá ẹ ńkọ́?"

"Ta ló máa sọ fún wọn? Ẹ̀ẹ̀kan péré. Jọ̀ọ́, ọkọ mi."

Ọkùnrin wo ló máa gbọ́ "ọkọ mi" tí kò ní yọ́? Ó gbé ẹnu sí máìkì: "Memunat ọmọ Muqtadir, ìdí ìlẹ̀kẹ̀ Ìsàlẹ̀ Gángan!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, orí Memunat wú.

Kò mọ̀ pé Mọ̀núrù, àbúrò bàbá rẹ̀, wà ní kọ̀rọ̀ níbẹ̀ tòun ti ìgò bíà. Nígbà tí Mọ̀núrù délé rojọ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, Alájì ò tiẹ̀ jẹ́ kí Jóṣúà àtàwọn èèyàn rẹ̀ kí i tán. Ó pe Memunat síwájú wọn.

"Ó kọrin ìdí ẹ fáwọn ọ̀mùtí. Ṣé ìwọ lo ní kó kì ẹ́? Bó bá jẹ́ ìwọ ni, èmi àtìẹ la jọ máa yanjú ẹ̀, mi ò ní lé àlejò. Bí kì í bá ṣe ìwọ, kí wọ́n máa lọ."

Ẹ̀rù bà á. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó wo pàṣán tó wà lára ògiri.

"Rárá, bàbá. Mi ò sọ fún un."

Jóṣúà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alájì.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo ṣẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Ìyá Memunat gbá a mọ́ra.

"Ọlọ́run ló kó ẹ yọ lọ́wọ́ aláìlójútì yẹn, ọmọ mi. Sọ pé alihamudulilahi."

Memunat sọ ọ́.