Ta Ló Ni Ìsun Yìí?

"Bùọ̀dá, ọ̀kadà wo lẹ gùn tí kò dún yìí?"

Èmi Tọ̀yìbátù ni mo béèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa n'Ílobùú. Ọkùnrin tó ń jẹ́ Kọ́ládé sọ̀ kalẹ̀, ó nu ojú. "Àbúrò, bátìrì ló ń lò. Kì í jẹ epo, kì í rú èéfín. Àwa kì í ba ayé jẹ́."

Òótọ́ ni. Ọ̀kadà rẹ̀ kò rú èéfín, ẹnu ẹ̀ ló ń rú u. Èkó ló ti wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wá ibi tó lẹ́wà kiri, kí ó ya fídíò ibẹ̀, kí ó sì fi í sórí máàpù inú fóònù, kí àwọn tó rówó ná lè wá fún ojú wọn lóúnjẹ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí àyà ẹ̀wù rẹ̀ pé DÁÀBÒ BO AYÉ. Ẹ̀wù yẹn wú mi lórí. Òmùgọ̀ ni mí nígbà náà, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́.

Ìsun omi tó wà láàárín oko Ìlobùú àti oko Ìfọ́n ló bá wá. Ìyá àgbà mi, Màmá Mọ́ríátù, ń ṣe irú tà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pọn omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti Gánà dé. Kọ́ládé dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Màmá bu omi fún un.

"Mu ún, ọmọ mi, kí o sì máa lọ. A kì í ya ibẹ̀ ní fọ́tò."

"Kí ló dé, Mà?"

"Ará Ìlobùú ń pọn ọ́n, ará Ìfọ́n náà ń pọn ọ́n. Kò sí ẹni tó béèrè rí pé ta ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rí i mu."

Nígbà tó lọ tán, mo pòṣé. "Màmá, ayé ti lajú o."

"Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i."

Igi kẹ̀? Kọ́ládé ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò ju igi lọ! Ó sì ti sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé bí mo bá mú òun débẹ̀, òun á fún mi ní fóònù òun àtijọ́, orúkọ mi á sì wà lábẹ́ fídíò náà. Ní kíláàsì wa, èmi nìkan ni n kò ní fóònù.

Lọ́jọ́ Sunday tí Màmá lọ sí ìkómọ ní Ẹ̀rìn, mo mú un lọ. Ẹ̀rọ náà fò, ó ń kùn yunyun, ó ya gbogbo ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni máàpù béèrè pé: ìlú wo ló ni ibí yìí?

Mo rántí ọ̀rọ̀ Màmá. "Bùọ̀dá, ṣé ẹ ò lè fò ó ni?"

"Tá ò bá kọ ìlú, kò ní wọlé. Ṣe kíá, òòrùn ti ń wọ̀."

Mo wo fóònù tó fẹ́ di tèmi. Mo ní, "Ìlobùú ni." Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fa fóònù náà lé mi lọ́wọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá. Ẹ wá wo ìranù! Wọ́n wá wo omi, wọ́n gbé omi inú ọ̀rá dání. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ju ọ̀rá rẹ̀ sínú omi tí wọ́n torí ẹ̀ wá. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọ bàtà wọnú omi tí ènìyàn ń mu, wọ́n ń yínmú sí fóònù wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn ayé. Ayé wo?

Àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n rí ohun tí a kọ sórí máàpù, wọ́n wá ri pátákó mọ́lẹ̀: TI ÌFỌ́N NI. Àwọn tiwa náà gbé tiwọn wá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ń yọ àdá síra wọn. Ọlọ́pàá dé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe ará Ìlobùú, ìbáà ṣe ará Ìfọ́n.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Kànga wa ti gbẹ. Irú tí Màmá ti sè bà jẹ́ nítorí àìsí omi tí wọn yóò fi fọ̀ ọ́. Ìyá Hàfúsátù, ọ̀rẹ́ wọn láti Ìfọ́n, tí wọ́n ti jọ ń pọn omi láti ọjọ́ pípẹ́, kò yọjú mọ́. Ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí n lè jẹun. Mo pe Kọ́ládé kó bá mi pa ìsun náà rẹ́ lórí máàpù. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Pa kí ni rẹ́? Ìjà yẹn ti sọ àwọn tó ń wò wá di ìlọ́po mẹ́ta! Tí wọ́n bá tún jà, ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi."

Ó kó mi nírìíra. Dáàbò bo ayé kọ́, dáàbò bo àpò ni! Alásọdùn lásán-làsàn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá. "Màmá, èmi ni mo mú un débẹ̀."

Wọ́n ní, "Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Dìde. Ìwọ lo máa fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ n'Ífọ́n."

Níwájú Ìyá Hàfúsátù àti àwọn obìnrin bí ogún ni mo ti tún un sọ. Èébú tí mo jẹ lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ó rọlẹ̀, mo fi máàpù hàn wọ́n. Mo ní bí èèyàn púpọ̀ bá tẹ ibi tí wọ́n kọ "Kò sí irú ibí yìí" sí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

"Ṣùgbọ́n irọ́ ni, Mà," ni mo sọ.

Ìyá Hàfúsátù pòṣé. "Ṣé Ọlọ́run ló ń bi wá ni? Fóònù ni. Mú un wá jàre."

Wọ́n gba fóònù àwọn ọmọ wọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin Ìlobùú náà ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìsun náà pòórá lórí máàpù. Àwọn obìnrin ìlú méjèèjì jọ lọ bá àwọn àgbà, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ pátákó kankan, omi làwọn fẹ́. Àwọn àgbà ní kí wọ́n hú pátákó méjèèjì, ọlọ́pàá sì kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò bú ẹ̀rọ tuntun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ohun tó yẹ ká dákẹ́ lé lórí, ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ẹni tó bá sì ń pariwo pé òun fẹ́ràn ayé, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó ń ju ọ̀rá omi rẹ̀ sí.

Màmá ti dárí jì mí. Ìyá Hàfúsátù kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń dáhùn ìkíni mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ìsun, wọn á na ọwọ́, wọn á gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọn á sì so ó mọ́ ìdí ìró wọn títí tí a ó fi pọn omi tán.