Odó Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí ni bàbá Motọ́láyọ̀ fi dá a lóhùn lọ́jọ́ tó ní Akínyẹmí ni òun yóò fẹ́.

Ilé-ìwé kan ní Èmùré, ìlú Motọ́láyọ̀ ní Èkìtì, ni wọ́n ti pàdé, tíṣà ni àwọn méjèèjì. Akínyẹmí, ọmọ Ìlàjẹ, yá a ní ṣọ́ọ̀kì, kò sì rántí gbà á padà. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, wọ́n ní kí tíṣà kálukú padà sí ìpínlẹ̀ rẹ̀. Akínyẹmí forí lé Ìgbókòdà létí omi, ní Oǹdó.

"Àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pínyà lo fẹ́ tẹ̀ lé wọnú omi?" ni bàbá wí. "Ṣé ulé nìyẹn? Lọ bá ìyá rẹ̀ gbé nínú ọkọ̀ wọn títí Kérésì yóò fi kọjá. Bí o bá dé tí o ṣì fẹ́ ẹ, kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ rẹ."

Motọ́láyọ̀ gbàdúrà, ó gbé odó kékeré kan àti iṣu mẹ́fà, ó lọ.

Lásìkò ọyẹ́, inú ọkọ̀ onígi ńlá kan ni ìyá Akínyẹmí máa ń gbé, tó fi ń ta ẹja gbígbẹ láti abúlé dé abúlé. Akínyẹmí ń sùn nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń wa ọkọ̀ kékeré wá kí wọn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Motọ́láyọ̀ fi di igi ọkọ̀ mú bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń di ìyá rẹ̀ mú. Ẹ̀rù omi ń bà á, ìfẹ́ kò sì dín.

Láàárọ̀ Kérésì, ó ní kí òun fi iyán yẹ́ ìyá ọkọ òun sí. Ó gbé odó kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń gún un kíkankíkan. Iyán kò tíì kúnná tí pákó ìsàlẹ̀ fi là, ni omi bá ń wọlé.

Ìyá mú igbá, ó ń gbọ́n omi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ Elémùré, ṣé ìsàlẹ̀ odò lo fẹ́ gún wa dé ni?"

Ojú ti Motọ́láyọ̀. Nígbà tí Akínyẹmí dé, tó fi òwú àti ọ̀dà dí ojú pákó tán, ó bá a níbi tó ti ń di ẹrù.

"Òótọ́ ni bàbá mi sọ. Mi ò mọ ìwà omi."

"Olólùfẹ́ mi, èmi náà ò mọ iyán gún nígbà tí mo dé Èmùré. Ta ló lé mi?"

Ó fi ọkọ̀ kékeré rẹ̀ gbé e tòun ti odó dé èbúté. Orí ilẹ̀ ni Motọ́láyọ̀ ti gún iyán mìíràn. Ìyá jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́, ó tún na àwo kí wọ́n bù sí i.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, Motọ́láyọ̀ tú ẹrù rẹ̀. Ó jókòó sétí ọkọ̀, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Akin mi," ó ní, "kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."